Ìlú Mẹ́sàn-án Tí Mo Dé Láìkúrò Nínú Ṣọ́ọ̀bù Onífọ́tò

Òpin ọdún ti dé, gbogbo èèyàn ló ń to ọdún wọn sórí fóònù kí ayé rí i. Ẹni tó kọ́lé ń kọ ọ́, ẹni tó wọ bàálù nígbà àkọ́kọ́ ń kọ ọ́, ẹni tó lọ ìlú mẹ́rin ń fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà to tèmi. Lọ́dún yìí, mo dé ìlú mẹ́sàn-án, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, mo gun àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún, mo sì kọ ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ mi. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ má tíì ṣí ewé yìí kọjá. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí èmi jìn sí yìí sì rèé, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbẹ́ ẹ.

Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tan iná, èmi ni mò ń nu òógùn ojú oníbàárà, èmi náà ni mò ń so aṣọ ẹ̀yìn kọ́, ìyẹn aṣọ ńlá tí wọ́n ya àwòrán sí, tí èèyàn ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. A ní odò tó ní afárá, a ní òkè tí yìnyín bò, a ní etíkun, a ní ọgbà òdòdó, a sì ní gbàgede ìlú kan tí ilé gogoro aláago wà láàárín rẹ̀. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, òun ló kó bá mi.

Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí Màámi wọ̀ dojú dé. Ìka ọwọ́ kan péré ni wọ́n fi ṣèṣe, àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn ò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ń lọ. Àbúrò mi obìnrin ń gbé nílé ọkọ ní ìlú tó jìn, iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè wá, ọmọbìnrin tó bí sì ti pé ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé Màámi fojú kàn án rí. Inú fóònù ni ìyá àgbà àti ọmọ ti ń kí ara wọn.

Èmi náà ò sàn jù wọ́n lọ. Tí mo bá ti wọ ọkọ̀, èébì ló ń gbé mi. Láti kékeré ni.

Ọjọ́ kejì ọdún tuntun ni àbúrò mi kọ ọ́ sórí gúrúùpù ẹbí pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́dún yìí. Gbogbo ẹbí ń kí i kú oríire, bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ kan omi. Inú bí mi, mo bá kọ tèmi: "Mo máa pé ogójì ọdún nínú Oṣù Kejìlá. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìlú kan lóṣù kan. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, màá ṣe ohun kan tí mi ò ṣe rí."

Àbúrò mi dá mi lóhùn: "Ẹ̀yin, Àǹtí mi? Ẹ̀yin tí ẹ bì sára nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé yín dé ọsibítù?"

"Ẹ máa wò mí," ni mo kọ.

Ẹ gbọ́, mo gbìyànjú o. Nínú Oṣù Kìíní, mo di báàgì, Màámi sì sìn mí dé ìkóríta. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Wọ́n ní, "Tó o bá ti dé, tẹ̀ mí láago. Mi ò ní jẹun títí màá fi gbóhùn ẹ."

Ibùdókọ̀ kẹta la dé tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo bì sínú ọ̀rá, ọ̀rá kún. Mo bì sínú fìlà ọkùnrin tó jókòó tì mí. Dírẹ́bà páàkì, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màdáámù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ."

Wákàtí méjì ni mo fi rìn padà. Ojú ń tì mí láti wọ àdúgbò, mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa kí n lè fọ ẹnu mi. Ọjọ́ ìsinmi ni, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ olódò àti afárá ló wà lára ògiri. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń ro bí màá ṣe sọ ọ́.

Fóònù mi dún. "Ṣé o ti dé?" Mo gbọ́ ọ lóhùn wọn pé ebi ń pa wọ́n.

Tí mo bá ní mi ò dé, wọ́n á ní kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ọkọ̀ á tún ká wọn mọ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí àbúrò mi fi mí rẹ́rìn-ín.

"Mo ti dé, Màámi. Ẹ lọ jẹun."

"Fi fọ́tò ránṣẹ́ kí n rí i."

Mo wo aṣọ náà. Mo wo kámẹ́rà. Mo dìde, mo tan iná.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé inú yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀bù. Orí àga ìyàwó tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń sùn sí, láàárín àwọn òpó páálí àti òdòdó oníke. Nígbà tí mo padà délé, Màámi dì mọ́ mi bí ẹni pé ojú ogun ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní mo ti rù díẹ̀. Bísíkíìtì nìkan ni mo sá jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Nínú Oṣù Kejì, mo lọ ìlú olókè oníyìnyín. Mo wọ kóòtù, mo di ìborùn mọ́rùn, iná mẹ́rin sì dojú kọ mí. Àbúrò mi wo fọ́tò, ó béèrè pé, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀ ń làágùn nínú yìnyín?" Mo ní ibà ló ń ṣe mí. Màámi ò sùn títí mo fi padà dé, wọ́n sì gbé àgúnmu fún mi mu fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo mu ún. Ó korò.

Nínú Oṣù Kẹta, mo yá kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín ìwé ìròyìn, mo gbé e síwájú ọgbà òdòdó, mo jókòó lé e. Ohun tí mo ṣe tí mi ò ṣe rí: kẹ̀kẹ́ gígùn. Nínú Oṣù Kẹrin, mo gun àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún. Bẹ́ẹ̀, orí àpótí ni mo dúró sí.

Ọjọ́ àtẹ̀gùn yẹn ni ọ̀gá mi wọlé bá mi. Fáànù ń fẹ́ mi lójú, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó dé góńgó orí òkè. Ọ̀gá mi kì í ṣe oníbéèrè. Ó wò mí, ó wo aṣọ, ó ní, "Tó o bá ṣe tán, ká a dáadáa. Ìgbà tó kọjá, o jẹ́ kó rún." Ó mú awò ojú rẹ̀ tó gbàgbé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nínú Oṣù Karùn-ún, ó ku díẹ̀ kí àṣírí tú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré ni ṣọ́ọ̀bù wa sí ilé. Mo wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mò ń tún ara ṣe fún etíkun, ni mo bá rí Màámi lójú fèrèsé. Wọ́n dúró, wọ́n ń fi gíláàsì fèrèsé wa wo ojú ara wọn bíi dígí. Mo dojú bolẹ̀ gbalaja. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn náà ni wọ́n ń pè mí.

"Ọmọ mi, báwo ni etíkun?"

Mo ń rí bàtà wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn. "Ó dáa, Màámi," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

"Àwọn èèyàn ń sùn."

"Létíkun?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, Màámi."

Wọ́n ní Ọlọ́run á bá àwọn ṣọ́ mi. Bàtà wọn yí padà, wọ́n sì lọ.

Oṣù Kẹfà ni mo wá fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ọ̀rọ̀ ti tán nínú mi. Àbúrò mi sì ń béèrè lórí gúrúùpù: "Kí lẹ ṣe lóṣù yìí tí ẹ ò ṣe rí?" Aṣọ ilé gogoro aláago ló wà lẹ́yìn mi. Orúkọ ìlú tó gbẹ̀yìn lórí pátákó ibùdókọ̀ ni mo fún ìlú inú aṣọ náà, torí mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó débẹ̀ rí. Ìka mi tẹ ìyókù kí ọpọlọ mi tó dé: "Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Òun ló ń tún aago ìlú yìí ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní rárá."

Ẹnikẹ́ni ò kí mi kú oríire.

Nígbà tí mo délé, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, wọ́n fà mí jókòó.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ṣe fún ẹ?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ṣé ọ̀mùtí ni?"

"Rárá."

"Ó ti níyàwó nílé?"

"Kò ní." Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń gbèjà ẹni tí kò sí.

"Ó burẹ́wà?"

"Ó dáa lójú díẹ̀."

"Kí ló wá ṣe?"

Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Màámi wò mí títí. "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, ṣé òkú lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú fọ́tò ilé gogoro aláago náà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn, ó sì tóbi. Wọ́n fi í sínú báàgì wọn, wọ́n ní, "Màá lọ bá a. Ẹnu àgbà ló máa yanjú ẹ̀."

"Ẹ kì í wọ ọkọ̀, Màámi."

"Màá wọ̀ ọ́."

Mo rò pé tó bá yá, ọ̀rọ̀ náà máa kúrò lọ́kàn wọn. Mi ò mọ ìyá mi tó. Bàbá onítákísì kan wà tó múlé tì wá. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, Màámi kàn ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tákísì bàbá náà, wọ́n á sì padà wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń de bẹ́líìtì, wọ́n sì ń di báàgì wọn mú gírígírí nínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan.

Bàbá onítákísì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ìyá, mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́."

"Ní sùúrù. Mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ."

Èmi náà ò jáwọ́. Oṣù Keje, Oṣù Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, mo ṣì ń di báàgì, mo ṣì ń sùn lórí àga ìyàwó. Mo so aṣọ odò kọ́ lódìkejì, mo pè é ní ìlú mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá náà fi ọkọ̀ yí àdúgbò po pẹ̀lú wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi dé. Màámi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dì mọ́ mi. "Ìwọ lo kì mí láyà. Ọmọ mi tó ń bì sára gbogbo ayé, òun ló wá di arìnrìn-àjò. Kí ló máa wá ṣe èmi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Inú mi ń dùn torí wọn, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn. Mo gba báàgì lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n wọlé wá mu omi.

Nínú Oṣù Kẹwàá, èmi àti Màámi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú aláago náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, wọ́n di ojú pa, wọ́n ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n la ojú, wọ́n wo ojú fèrèsé. Wọ́n ń ka ilé, wọ́n ń ka afárá. Èmi ti ń bì sínú ọ̀rá kẹta. Màámi ló ń di ọ̀rá mú fún mi, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

"Báwo lo ṣe wá ń ṣe é láti Oṣù Kìíní?"

"Tí mo bá dá nìkan lọ, kì í ṣe mí."

"Kàyéfì," ni wọ́n wí. Wọ́n tún ṣí ọ̀rá mìíràn.

Ìlú kékeré ni ìlú náà. Ilé ibẹ̀ ò ga, ọ̀nà ibẹ̀ tọ́, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì. Màámi dúró láàárín gbàgede, wọ́n ń wo òkè.

"Ilé gogoro aláago dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ tún ṣe, Màámi."

"Ilé odindi?"

"Aago rẹ̀ ló bàjẹ́."

Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ojú pópó, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní, "Ẹni tó ń tún aago ṣe nílùú yìí là ń wá."

Mò ń gbàdúrà nínú mi pé kó ní kò sí. Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ tọ́ka. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é níbí. Ilẹ̀kùn búlúù yẹn, Màmá."

Ojú Màámi tàn. Wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n sì fi ìka nu igun ẹnu mi. "Ṣó o rí i? Ó ṣì wà níbẹ̀. Tá a bá wọlé, ìwọ dákẹ́, jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀."

Ó kàn bọ́ sí i pé ẹni tó ń tún aago ṣe wà nílùú náà.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju yàrá kan lọ. Aago wà lára ògiri látòkè délẹ̀, gbogbo wọn ń dún, kò sì sí méjì tó bára mu. Ọkùnrin kan tó tó ẹni ọgọ́ta ọdún jókòó sídìí tábìlì, ó há awò kékeré sójú kan, ó ń fi irin tín-ín-rín yọ nǹkan nínú aago ọwọ́. Obìnrin kan jókòó tì í, ó ń to bẹ́líìtì aago sínú àpótí.

Màámi jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kan tóbi nínú awò. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Aago lẹ gbé wá ni?"

"Ọmọ ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí i, ẹ sì jàre. Orí ló ṣì í lọ́nà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọdé ń ṣe é, bí ó tiẹ̀ ti ń sún mọ́ ogójì. Ẹ fi ti àgbà ṣe. Ìgbéyàwó tí ẹ bá a sọ nínú Oṣù Kẹfà, ẹ jẹ́ ká tún un sọ."

Obìnrin náà gbé bẹ́líìtì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Oṣù Kẹfà," ni ó wí. Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá ilé mi, Oṣù Kẹfà yẹn náà lẹ ní ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣàìsàn."

"Mo lọ kí i ni. Mi ò mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí rí."

Màámi wo obìnrin náà, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n wá wò mí. "O ní kò níyàwó."

Ó yẹ kí n lanu.

Ìyàwó oníṣẹ́ aago dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láti òkè délẹ̀, láti orí mi tí èébì ti mú kó rí jákujàku, dé bàtà mi. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Èyí ló kọ̀ yín?"

"Òun ni," Màámi dáhùn.

"Kí ni ọkọ mi ṣe fún ẹ tí o fi kọ̀ ọ́?"

"Ohun tí èmi náà ń bi í látọjọ́ yìí nìyẹn," Màámi wí. "Ó ní ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù."

"Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù? Ọkùnrin tó lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta kó má sọ ju 'mo ti yó' lọ?" Omi ti lé sí i lójú. "Àfi kó jẹ́ pé àwọn obìnrin ìta ni ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀, bàbá ilé mi. Èmi lẹ kì í bá sọ ọ́." Ó fa àpótí ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kó padà sí.

Ọkùnrin náà dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

Màámi yọ fọ́tò jáde. Ọkùnrin náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sún mọ́ ọn pẹ̀lú awò rẹ̀, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń yẹ inú aago wò. Aago nìkan ló ń dún.

"Nọ́ńbà mẹ́tàlá ló wà lójú aago yìí," ni ó wí.

Mo ti ń wo aṣọ yẹn fún ọdún mẹ́fà, mi ò kà á rí.

Ó sún awò sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ilé gogoro yìí rún láàárín." Ó sún un sókè. "Ìṣó sì wà lójú ọ̀run. Wọ́n kan ọ̀run mọ́ ògiri."

Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú kúrò nínú àpótí. "Àwíjàre nìyẹn," ó wí, ó ju irin kan sínú rẹ̀.

Mo lè dákẹ́. Ẹ gbọ́ bí ọkàn mi ti burú tó: mo rò ó. Tí mo bá dákẹ́, Màámi á gbà pé onírọ́ ọkùnrin kan ló tàn mí, a ó sì jọ máa bú u dé ilé. Àmọ́ ọkùnrin náà di etí àpótí mú, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe, ó sì ti tó ẹni tó lè jẹ́ bàbá mi.

Mo kúnlẹ̀. "Irọ́ ni. Wọn ò mọ̀ mí. Kò sí ọkùnrin kankan, kò sí ilé gogoro. Aṣọ ni. Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ya fọ́tò yẹn."

Ìyàwó oníṣẹ́ aago dúró. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Ó mú irin kan padà sórí tábìlì, ó mú ìkejì.

Màámi ò pariwo. Ì bá sàn fún mi tí wọ́n bá pariwo. Wọ́n béèrè pé, "Oṣù Kejì ńkọ́?"

"Irọ́ ni, Màámi."

"Tó o ní ibà ń ṣe ẹ́ nínú yìnyín."

"Irọ́ ni."

"Oṣù Kẹta?"

Oṣù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n kà, wọn ò fo ọ̀kankan. Níwájú àwọn tí a ò mọ̀ rí, mo ń dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Níbo lo wá ń sùn?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́." Wọ́n mi orí. "Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbààwẹ̀ lórí ẹni tó wà ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí mi."

Wọ́n dìde. Wọ́n bẹ tọkọtìyàwó náà, wọ́n bẹ̀ wọ́n dáadáa. Ìyàwó náà fún wọn lómi mu, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kò wo ibi tí mo wà.

Mo tẹ̀ lé Màámi dé ibùdókọ̀. Mo rò pé ilé là ń lọ. Wọ́n bá dúró síwájú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú àbúrò mi.

"Màámi, ìyẹn jìn. Ẹ̀yin nìkan?"

"Mo fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Rárá." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n, mo rí i, mo sì na ọwọ́ láti dì wọ́n mú. Wọn ò gba ọwọ́ náà. "Èmi ti dé ìlú kan lóòótọ́ lọ́dún yìí. Ìwọ, lọ fọ ẹnu ẹ."

Mo bì láti ibẹ̀ dé ilé. Kò sí ẹni tó bá mi di ọ̀rá mú.

Lọ́jọ́ náà gan-an, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Màámi ni, ohùn ọkùnrin ni. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dírẹ́bà ni mí. Màmá yìí ní kí n sọ fún yín pé àwọn wà nínú ọkọ̀ mi, pé mo fojú rí wọn." Ó tún ní, "Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o, àmọ́ òótọ́ ni."

Báyìí ni Màámi ṣe ń ṣe látìgbà náà. Wọn ò dá pè mí rí. Tí wọ́n bá fẹ́ kí mi, wọ́n á kọ́kọ́ gbé fóònù fún ẹnì kan kó jẹ́rìí. Obìnrin tó ń ta bàtà ti jẹ́rìí fún mi pé Màámi wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Dókítà eyín ti jẹ́rìí, Màámi ò sì lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn torí ẹnu wọn ṣí sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló ń jẹ́rìí jù. "Àǹtí àgbà, ìyá àgbà wà níbí. Wọ́n gbé mi lẹ́sẹ̀." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà màá sunkún.

Àbúrò mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé, "Àǹtí, ẹ bá ti sọ fún wa pé ẹ ò lè lọ." Kò tíì kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pé ogójì ọdún. Ojoojúmọ́ ni mo ti ń bẹ Màámi kí wọ́n padà wálé. Ọjọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Ìgbà tí mo bá mọ ẹni tí mò ń padà wá bá." Wọ́n tún béèrè pé, "Níbo lo wà báyìí?"

"Ilé ni mo wà, Màámi."

"Gbé fóònù fún ẹnì kan kó jẹ́rìí."

Mo wo yàrá yíká. Àga wọn wà níbẹ̀, ibùsùn wọn wà níbẹ̀. Mo ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi, Màámi."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tó o bá rí ẹnì kan, kó pè mí."

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sí yín nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé. Màámi ń ka ìwé ìròyìn yìí, ní oṣooṣù ni, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Tí wọ́n bá kan ojú ewé yìí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ilé ni mo wà.